Badarawa sí Ilé Ìwòsàn Etí: Ọ̀nà Kúkúrú Tó Ń Gba Ọdún

Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta ló wà lórí ìlà kan nínú ọjà Badarawa. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo wọn ti ń ké: ọ̀kan ń lọ àgbàdo, ọ̀kan ń lọ ata, èyí tó wà láàárín ń lọ gẹ̀rò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kúnú. Ọmọkùnrin tó dúró ti ẹ̀rọ àárín yìí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo kí i ní èdè Hausa, kò dáhùn. Mo tún kí i. Ẹnu mi ló tẹjú mọ́ kó tó rẹ́rìn-ín, tó wá jẹ́ mi. Ẹni tó bá ń wo ẹnu kó tó dáhùn ìkíni, nǹkan ti ń ṣe etí rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ lè máà tíì mọ̀.

Badarawa wà ní àríwá odò Kaduna, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna North, kò jìnnà sí Malali àti Ungwan Rimi. Hausa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ènìyàn ò lè rìn yí àdúgbò náà ká kó má gbọ́ èdè mìíràn, Yorùbá àwọn tí baba wọn ti ń ṣòwò ní Òkè Ọya kò sì gbẹ́yìn. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀, National Ear Care Centre, wà ní ojú ọ̀nà Golf Course, tí kẹ̀kẹ́ Napep ń gbé ènìyàn dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń dá àwọn tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ dúró kí wọ́n tó débẹ̀.

Ariwo ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìró tó bá jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 80, ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu. Bó bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà á dín kù sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 90, wákàtí 4 ló kù fún odindi ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń fi íápíìsì gbọ́ orin ni wọ́n ṣírò èyí fún, wọn ò ro ti ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta láti àárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ etí kan náà ni Ọlọ́run fún gbogbo wa.

Nígbà tí mo kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin, mo pàdé bàbá Yorùbá kan tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hun aṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ìlú náà. Àwọn tó dàgbà ní Kaduna á rántí ìgbà yẹn. Kaduna Textiles ṣílẹ̀kùn ní 1957, àwọn mìíràn tò tẹ̀lé e ní Kakuri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, títí ilẹ̀kùn fi ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo inú yàrá ìhunṣọ kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn.

Mo bi bàbá náà léèrè bí etí ṣe ń ṣe é.

“Ọmọ mi, ohùn rẹ ń dé etí mi. Ọ̀rọ̀ tí o ń sọ ni mi ò gbọ́.”

N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáa tó báyìí, àti dókítà àti ìwé. Nínú etí lọ́hùn-ún, iyàrá kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó kún fún omi. Sẹ́ẹ̀lì onírun tó tò sínú rẹ̀ tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ìró tó tín-ín-rín, tó ga. Àwọn tó wà ní òpin lọ́hùn-ún ń gbọ́ èyí tó wúwo. Ariwo ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ pa àwọn tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn yìí gan-an sì ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín “s” àti “f”, “t” àti “k”. Ìyẹn ni pé bàbá wa ṣì ń gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn, tó fi mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń sọ, kò kàn gbọ́ ohun tí mo ń wí ni. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kì í tún hù bó bá ti kú. Ti ẹyẹ a máa hù padà. Ti ènìyàn kì í hù.

Mo ní kí bàbá jẹ́ ká jọ lọ sí Golf Course. Ó ní kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọjà òun.

Ní ilé ìwòsàn, ìlà gùn níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n, ọmọléèwé tó fi òwú di etí, màálàmù kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹnu sọ fún. Wọ́n pe orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta kí aládùúgbò rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án léjìká. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn etí ni wọ́n wà. Níbi gbogbo tí mo ti rí irú ilé ìwòsàn báyìí, orúkọ ni wọ́n ṣì ń ké pe adití.

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ etí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, òun náà ló sì ń fi bí nǹkan ṣe rí nílé hàn. Wọ́n ń yọ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń yọ ẹ̀wà tó ti wú, wọ́n ń yọ orí òwú tó ṣẹ́ sínú. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ń fi igi olówùú ro etí lójoojúmọ́, ṣe ló ń ki ìdọ̀tí wọlé sí i. Àmọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn ń ṣọyún ló dùn mí jù. Òtútù tó mú ọmọ láìsí ìtọ́jú máa ń gba ọ̀nà imú wọ inú etí, á lu awọ etí jáde, ọyún á sì máa dà fún oṣù, fún ọdún. Nílé, wọ́n á ti kán òróró gbígbóná sí i, wọ́n á ti fún omi ọmú sí i, olóògùn ẹ̀bá ọ̀nà á ti ta oògùn ìkántí kan fún wọn tí kò yẹ kó kan etí tí awọ rẹ̀ ti ya. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àwọn ọmọdé 10 tí kò gbọ́ràn dáadáa, 6 ló jẹ́ pé ohun tó fà á ṣeé dènà. Iyàrá ìfọtí yìí ni kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wá jókòó sí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí ńlá kan tí ariwo kì í wọ̀. Onímọ̀ ìgbọ́ràn jókòó sí ìta gíláàsì, aláìsàn wà nínú pẹ̀lú ohun ìgbọ́ràn lórí, bọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bó bá ti gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n ń gbé ìró tó wúwo àti èyí tó tín-ín-rín wọlé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé, òdo pupa dúró fún etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù dúró fún etí òsì. Bó bá jẹ́ ariwo ilé iṣẹ́ ló ba etí jẹ́, pupa àti búlúù á jọ sọ̀ kalẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí ìwé obìnrin kan tó ń ta aṣọ jáde, tí búlúù rọra ń lọ lókè tí pupa sì já wálẹ̀ pátápátá, onímọ̀ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Màmá, etí wo lẹ fi ń gbọ́ fóònù?”

“Òsì ni. Èyí ò gbọ́ fóònù mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó kàn ń hó ṣáá ni.”

“Ṣé òòyì ń kọ́ yín?”

“Bí mo bá yára yíjú báyìí, mo lè ṣubú.”

Wọ́n kọ̀wé fún un pé kó lọ ya àwòrán orí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MRI. Ohun tí wọ́n ń wá ni kókó kan tó lè yọ lára iṣan tó ń gbé ìró láti inú etí lọ sí ọpọlọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Awọ tó bo iṣan yìí, lápá ibi tó ń ṣètò ìdúró ara, ló ń nípọn kọjá bó ṣe yẹ, kókó náà á sì máa dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ́dún. Vestibular schwannoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀: nínú 100,000 ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ni wọ́n ń rí i lára wọn lọ́dún. Onímọ̀ náà fi Màmá lọ́kàn balẹ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ẹni tí etí kan ṣoṣo di fún, àwòrán náà kì í rí kókó kankan. Àmọ́ a ò gbọdọ̀ fi ojú lásán ṣèdájọ́. Bí kókó náà bá tóbi, á fún ibi tí iṣan ojú gbà kọjá, á sì ti ọpọlọ.

Nígbà tí Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí kókó yìí jáde ní 1917, ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí orí tábìlì iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ń jà fún. Kò sẹ́ni tó ń ronú ìgbọ́ràn. Lónìí, bó bá kéré, wọ́n lè máa fi àwòrán ṣọ́ ọ lásán. Wọ́n lè fi ìtànṣán ta á, èyí tí Lars Leksell bẹ̀rẹ̀ ní Stockholm ní òpin àwọn ọdún 1960. Wọ́n sì lè gé e jáde. Gbogbo ọ̀nà yìí ló nílò kí àwòrán kọ́kọ́ wà, owó àwòrán yìí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ká ìwé dókítà sínú pọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì lọ sílé. Mo rí i bí Màmá ṣe wo ìwé náà lójú àti lẹ́yìn bíi pé iye owó wà níbì kan lórí rẹ̀.

Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kókó yìí nítorí pé òun ló jẹ́ kí n lóye ohun tí mo tún rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Etí àti iṣan etí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọmọ bíi ọdún mẹ́rin kan sùn sí itan ìyá rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n pa iná rẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí. Ìró ta-ta-ta ń wọ etí rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń wò ó bóyá ọpọlọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ò nílò láti tẹ bọ́tìnnì, kò tilẹ̀ nílò láti jí. Kí ló ṣe é? Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ti ń pe “Baba”, ó ti ń pe ajá, kí àrùn yínrùnyínrùn tó mú un nígbà ooru. Wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ ló bá àrùn náà lọ.

Orí ilẹ̀ tí yínrùnyínrùn ti ń jà ni Kaduna wà. Ní 1996, ó lé ní 100,000 ènìyàn tó kó o ní Nàìjíríà. Lójú àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn, òkú ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka àwọn ọmọ tó jí dìde láìgbọ́ràn. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà oríṣi márùn-ún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láyé, ní 2024, mo sì rò pé kò sí ẹ̀rọ etí kan tó tó abẹ́rẹ́ yẹn. Ìdí mìíràn tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé lẹ́yìn yínrùnyínrùn, iyàrá ìkarahun inú etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti dí, ojú ihò tí wọ́n ó ti wáyà bọ̀ kò sí mọ́. Ìyá ọmọ yìí lo ọdún kan àti ààbọ̀ nílé. Wọ́n ní ìpayà ni, wọ́n ní ọmọ máa tún sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọn ò gbọ́ràn rí. Òmíràn, ibà apọ́njú ló ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ń gbé e sí oòrùn àárọ̀, tí aṣọ rẹ̀ sì ń rùn fún kàfúrà tí wọ́n fi tọ́jú ẹrù ọmọ. Lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àìpé G6PD, èyí tó pọ̀ láàárín wa, kàfúrà olóyìnbó yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa fọ́, apọ́njú á sì le débi tí yóò fi ba iṣan etí jẹ́. Òmíràn, abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn tó pọ̀ jù ni.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ rì sínú etí, cochlear implant, ni gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ń béèrè. Wọ́n ti rí i lórí fóònù: ọmọ òyìnbó kan gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún, gbogbo ayé ń ṣápẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Apá kan wà lẹ́yìn etí níta, tó ń gba ìró, tó ń sọ ọ́ di àmì iná. Mágínẹ́ẹ̀tì gbé e lẹ̀ mọ́ apá kejì tó wà lábẹ́ awọ orí. Láti ibẹ̀, wáyà kan wọ inú ìkarahun lọ, ó fo àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó ti kú, ó sì ń ta iṣan fúnra rẹ̀ jí. Iṣan gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ẹni tí wọ́n gé iṣan rẹ̀ nítorí kókó, ẹ̀rọ yìí ò ṣe é ní nǹkan kan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni William House àti William Hitselberger tìtorí wọn gbé wáyà tààrà lé ìdí ọpọlọ ní Los Angeles ní 1979.

Ní Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú àtita iṣan etí jí, ní 1957, lọ́wọ́ André Djourno àti Charles Eyriès. House ṣe tirẹ̀ ní 1961. Lẹ́yìn wọn ni Graeme Clark ní Ọsirélíà, tí baba tirẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Wàhálà rẹ̀ ni bí wáyà yóò ṣe wọ ọ̀nà tó ká láìya á. Ibi ìsinmi létí òkun ló ti rí i: ó mú ìkarahun kan àti ewé koríko, ó ń ti koríko náà bọ inú rẹ̀, ó sì rí i pé èyí tí orí rẹ̀ rọ̀, tí ìdí rẹ̀ le, ló ń wọlé jìnnà. Ní oṣù Ògún 1978, ó fi ẹ̀rọ oníkòó púpọ̀, ìyẹn èyí tí ojú ibi tó ti ń fi iná ta iṣan jí pọ̀, sínú etí ẹni àkọ́kọ́ ní Melbourne.

Ohun tí fídíò orí fóònù kì í sọ ni pé ìró ti ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìró ti wa. Kòó 22 tàbí bẹ́ẹ̀ ló ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì. Ó ń gbé kọ́nsónáǹtì dáadáa, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ẹni tó ń sọ òyìnbó lè farada ìyẹn. Àwa tó jẹ́ pé ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ńkọ́, àti àwọn Hausa tó gbà wá lálejò? Àwọn olùwádìí ti yẹ èyí wò fínnífínní lára àwọn ọmọ Ṣáínà, wọ́n sì rí i pé mímọ ohùn yàtọ̀ síra ló ń ni wọ́n lára jù, àti pé àwọn tó tètè gba ẹ̀rọ ló ń ṣe dáadáa jù. Ṣe ni ọ̀rọ̀ náà wá yí padà bìrí: bàbá olówùú tí mo pàdé lọ́jà ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ kọ́nsónáǹtì, ọmọ oní-ẹ̀rọ á gbọ́ kọ́nsónáǹtì láìgbọ́ ohùn dáadáa.

Ìwádìí tiwa náà kò kéré. Akeem Lasisi ní Ibadan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn adití ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n sì kéde ní 2014 pé àwọn jíìnì tó sábà ń fa dídití lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn kò wọ́pọ̀ níbí. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọdún 2024, wọ́n kéde ní Shanghai pé wọ́n fi jíìnì tuntun sínú etí ọmọ 6 tí jíìnì OTOF wọn bàjẹ́, 5 nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmọ́ bí jíìnì tó ń ṣe ọmọ Badarawa bá yàtọ̀, oògùn yẹn kò ní í mọ̀ ọ́n.

Owó ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú etí ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe déédéé, olùkọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà, bátìrì gbọ́dọ̀ ní iná lójoojúmọ́. Ìyá kan béèrè pé bí iná ò bá dé ńkọ́. Wọ́n ní kó ra bátìrì méjì. Ó rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo adití ló ń wá ẹ̀rọ. Kaduna wà lára àwọn ìlú tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1960, pẹ̀lú Ibadan àti Enugu. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń fi ọwọ́ takurọ̀sọ, ọ̀kan ń ṣẹ̀fẹ̀, ìkejì ń fi ìka bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ọmọ tí kò bá rí ẹ̀rọ, tí kò sì rí ẹni fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, òun ni ó pàdánù lọ́nà méjèèjì. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ òkèèrè ni pé kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti mọ̀ dájú ní oṣù 3, kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 6.

Bọ́lájókòó Ọlúsànyà, dókítà ọmọdé tí òun náà kò gbọ́ràn dáadáa, ló fi hàn ní Lagos pé ó ṣeé ṣe níbí. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ilé ìwòsàn, nítorí náà kò dúró dè wọ́n níbẹ̀ nìkan. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi tí gbogbo wọn máa ń gbé ọmọ wá, ìyẹn ibi abẹ́rẹ́ BCG. Ẹ̀rọ kékeré kan, ẹnu rẹ̀ wọ etí ọmọ, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tán.

Mo padà sí Badarawa ní ọ̀sán, mo sì yà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan nítorí pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni. Àwọn ìyá tò sórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ ń ké. Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì bóyá ìyá kankan máa ń sọ fún un pé ọmọ òun kò gbọ́ràn. Ó ní wọ́n máa ń sọ ọ́, àmọ́ nígbà tí ọmọ bá ti ń sáré kiri, tí wọ́n gbé e wá nítorí ibà.

“Wọ́n á ní ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní baba rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.”

“Kí lẹ wá máa ń ṣe, Nọ́ọ̀sì?”

Ó mú abọ́ alágolo kan lórí tábìlì, ó fi ṣíbí lù ú lẹ́yìn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà yíjú. Mo ní, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lè gbọ́ abọ́, ó sì lè jẹ́ pé atẹ́gùn ọwọ́ yín ló kàn án.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Abọ́ ló wà lọ́wọ́ mi.” Ó ké sí ìyá tó kàn.